Sítíárìn ọkọ̀ yín ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe? Ẹ má tíì ra páàtì o! Ìgbà tó ń gbọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Wọ́n ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Láti Òkè-Ṣópìn títí dé Jàpàrà n'Ìjẹ̀bú-Igbó, láti iwájú géètì Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ n'Àgọ́-Ìwòyè títí wọ Abígi àti Ìbíadé ní Ògùn Wọ́tásáídì, kò sí ọgbà mẹkáníìkì tí wọn ò ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́ tiẹ̀ nínú ìlú, kò ní ṣe nǹkan kan. Àfi bó bá gun títì tó dáa, tí dẹrẹ́bà tẹná mọ́ ọn díẹ̀, ni sítíárìn á bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni tí ibà kọlù.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọlọ́kọ̀ á ní, "Ọ̀gá, sítíárìn mi ń gbọ̀n." Èyí á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ fìrí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, tairọ́ọ̀dù yín ti lọ." Wọ́n á ra tairọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ò ní yéé gbọ̀n. Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀kì ni, wọ́n á ra ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n á ní ó kù bọ́ọ̀lù jọ́ínìtì, wọ́n á ra ìyẹn náà. Nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ti di tuntun pátápátá, owó á ti tán lápò, sítíárìn á sì tún máa gbọ̀n gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ẹ̀rẹ̀ tó gbẹ mọ́ inú rímù lè jẹ́ gbogbo ohun tó ń ṣe é, omi garawa kan ì bá sì ti parí ẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló burú jù. Àwọn kan wà tí wọn kì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rárá. Wọ́n á ní ó ti mọ́ àwọn lára, wọ́n á ní bí mọ́tò tòkunbọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, márùn-ún, sínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ẹ̀ ti fẹ́ẹ́ bó, tàbí tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń kìlọ̀ tipẹ́, ẹni tó di sítíárìn mú ni kò gbọ́.

Gbígbọ̀n yàtọ̀ sí gbígbọ̀n o. Èyí tí omi lásán lè wò wà níbẹ̀, èyí tó fẹ́ pànìyàn náà sì wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò le, kò sì gba ẹ̀rọ kan.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ SÍPÁNÀ TÓ JÁDE

Dókítà tó bá mọṣẹ́ kì í sáré kọ oògùn. Á kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí orí fífọ́ náà bẹ̀rẹ̀, àti ibi tó ti ń dunni. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ náà kì í sáré mú sípánà. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bèèrè, bí òun ò bá sì bèèrè, kí ọlọ́kọ̀ fúnra ẹ̀ sọ ọ́ fún un.

Àkọ́kọ́, ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Ṣé orí eré ni, àbí ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, àbí ìgbà tí ẹ bá ń tẹná, àbí gbogbo ìgbà, títí kan ìgbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́?

Ìkejì, ibo lára yín lẹ ti ń mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó di sítíárìn mú ló ń gbọ̀n jù, ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ ìdí lórí ìjókòó ló ti ń gbọ̀n, tí sítíárìn fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ìkẹta, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ já sí gálọ́ọ̀pù ni? Ṣé fọ́kánáísà ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táyà ni? Ṣé ọkọ̀ ti wà lórí ìdúró fún oṣù mélòó kan ni? Ṣé ẹ gba ojú ẹrẹ̀ kọjá lánàá ni? Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í sọ fún mẹkáníìkì nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sábà máa ń wà.

BÓ BÁ JẸ́ ORÍ ERÉ NIKAN NI

Ọkọ̀ tí kì í gbọ̀n ní 40 tàbí 50, àmọ́ tó ń gbọ̀n bó bá ti dé 80 sí 110 kìlómítà ní wákàtí kan, bálánsì ló sábà máa ń dà á láàmú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín Òrù-Ìjẹ̀bú àti Àgọ́-Ìwòyè lójoojúmọ́ fi lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìmọ̀ pé ọkọ̀ òun lárùn. Eré tó máa fi í hàn, kò sá a rí. Ọjọ́ tó bá gbéra lọ s'Ékòó, tó gun márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni àṣírí á tú.

Kò sí táyà àti rímù kan láyé tó wúwo dọ́gba yípo yípo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ á yí i, tí á sì sọ ibi tó fúyẹ́, kí wọ́n tó lẹ òjé kékeré mọ́ ọn níbẹ̀. Òjé yẹn ni ọlọ́kọ̀ mìíràn máa ń rí létí rímù tí á rò pé ìdọ̀tí ni. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí gálọ́ọ̀pù, òjé náà lè já bọ́ sọ́nà, gbígbọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má wo kékeré òjé náà o. Ká ní gírámù 20 péré ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí, ìyẹn kò tó ìwọ̀n ṣúgà onígun mẹ́rin mẹ́fà. Lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ẹrù tó wúwo tó kílò 3 àbọ̀ fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sókè sódò, nígbà bíi 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí eré bá wálẹ̀ sí 50, agbára yẹn á dín kù sí ìdá mẹ́rin, kò ní pé kílò kan. Ìdí tó fi ń dákẹ́ nínú ìlú nìyẹn, tó sì ń pariwo ní márosẹ̀.

Ìwà kan wà tí àwọn dẹrẹ́bà kan ní tó burú gan-an. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé bí eré bá kọjá 120, gbígbọ̀n náà lè rọlẹ̀. Nítorí náà, kí sítíárìn má bàa da àwọn láàmú, wọ́n á tẹná títí wọ́n á fi kọjá ibi tó ti ń gbọ̀n. Òótọ́ ni pé ó lè rọlẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ní eré kan tí ara ẹ̀ máa ń fẹ́ jó sí, bó bá ti ré e kọjá, ijó náà á dín kù. Ṣùgbọ́n agbára tó ń fa bíárìn àti tairọ́ọ̀dù kò dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 100 ni òfin ìrìnnà fàyè gbà fún ọkọ̀ àdáni ní márosẹ̀, 90 ni ti takisí àti bọ́ọ̀sì.

Ọgbọ́n kan wà tó yẹ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ mú lò lọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Kó tó bọ́ táyà kúrò lára rímù láti lẹ̀ ẹ́, kí ẹ ní kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà níbi tí ojú afẹ́fẹ́ wà. Bó bá ń dá a padà, kí ìlà náà bọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí táyà bá yí kúrò lójú ààyè ẹ̀ lórí rímù, bálánsì àtẹ̀yìnwá ti bàjẹ́ nìyẹn.

ẸRẸ̀ WỌ́TÁSÁÍDÌ ÀTI ỌKỌ̀ TÓ Ń DÚRÓ DE ỌDÚN

Àwọn tó ń rìn ní Ògùn Wọ́tásáídì lákòókò òjò mọ ẹrẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ etí omi ni, láti Ìwópìn títí dé Òde-Omi, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà abúlé tí kò lọ́dà ò ṣàì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá gba ojú ẹrẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ á kó sínú rímù lápá inú níbi tí ojú kì í dé. Wọ́n á páàkì í mọ́jú, ẹrẹ̀ á gbẹ le bíi bíríkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ sáré, gbìgbìgbì ni.

Tẹ́ ẹ bá rántí pé gírámù 20 lè mú kí sítíárìn gbọ̀n, ẹ ro ohun tí ẹrẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan lè ṣe. Àmọ́ ẹlòmíràn á gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ tààrà, wọ́n á sì bá a tú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bu omi, ẹ wá igi tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fọ inú rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí gbígbọ̀n bá lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ẹ ò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ìrú èyí tó tún wọ́pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó tàbí òkè òkun ló ní ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò sínú ọgbà, tí wọn ò ní wà títí di Ojúde Ọba tàbí Kérésì. Ojú kan ni táyà á fi kanlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ojú náà á sì tẹ́. Bí wọ́n bá wá fẹ́ lò ó, á máa gbọ̀n. Bí gbígbọ̀n náà bá lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rìn díẹ̀ tí táyà sì gbóná, kò séwu. Bí kò bá lọ, táyà náà ti bàjẹ́, kí wọ́n má fi lọ Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ yẹra fún un, kó fún táyà lẹ́fẹ́ẹ́ dáadáa, kó sì máa ní kí ẹni tó ń ṣọ́lé sún ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn lóòrèkóòrè.

ALÁÌNMẸ́ŃTÌ KỌ́ NI BÁLÁNSÌ

Ẹ̀yí tó ń kó owó jẹ jù lọ rèé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé nǹkan kan náà ni aláìnmẹ́ńtì àti bálánsì, nítorí pé ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bálánsì ń wo bóyá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wúwo dọ́gba yípo. Aláìnmẹ́ńtì ń wo bóyá àwọn ẹsẹ̀ náà kọjú síbi kan náà.

Ọkọ̀ tó nílò aláìnmẹ́ńtì máa ń fà sápá kan bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lójú títì tó tẹ́jú, tàbí kí sítíárìn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ gbọnrangandan, tàbí kí táyà máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Kì í sábà gbọ̀n. Àmọ́ bí ẹ bá pa á tì, táyà tó jẹ ségesège á padà di táyà tó ń gbọ̀n, aláìnmẹ́ńtì nìkan ò sì ní wo ìyẹn sàn mọ́. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí eré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta aláìnmẹ́ńtì fún yín nìkan. Ẹ bèèrè bálánsì.

BÓ BÁ JẸ́ ÌGBÀ TÍ Ẹ BÁ TẸ BÍRÉÈKÌ NI

Bí ọkọ̀ bá ń lọ geere, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan bíréèkì nìkan ni sítíárìn ń jó lọ́wọ́ yín, ẹ fi táyà sílẹ̀ ná. Dísìkì bíréèkì iwájú ni kí ẹ ní kí wọ́n wò. Irin pẹlẹbẹ tí páàdì bíréèkì máa ń há mọ́ ni. Bí kò bá nípọn dọ́gba mọ́, ibi tó ki á máa ti páàdì, ibi tó fẹ́lẹ́ á máa jọ̀wọ́ ẹ̀, títì àti jíjọ̀wọ́ yẹn ni sítíárìn ń jẹ́rìí sí.

Kí ló ń bà á jẹ́? Ọ̀kan ni fífi bíréèkì sọ̀kalẹ̀ lórí òkè láìlo jíà. Òmíràn ni kálípà tó ti há, tí kò jẹ́ kí páàdì kúrò lára dísìkì. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni bí wọ́n ṣe ń dé nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí fọ́kánáísà bá dé ọ̀kan pinpin kó tó kan èkejì, dísìkì á jókòó wọ́wọ́. Bó ṣe yẹ ni kí wọ́n máa dé e ní ìkọjúsíra: ẹ dé ọ̀kan díẹ̀, ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ máa yí i ká bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn á fi le bákan náà.

Bí dísìkì bá ṣì nípọn, àwọn tó ní ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì lè fá a kó tẹ́jú padà. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù sára dísìkì náà. Bó bá ti fẹ́lẹ́ tó ìyẹn, kò sóhun tí wọ́n ń fá mọ́, àfi kí ẹ rà á, kí ẹ sì ra ti ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣi èyí mú fún nǹkan mìíràn o: àwọn ọkọ̀ tó ní ABS, bí ẹ bá tẹ bíréèkì wọn gan-an lójijì, pẹ́dà abẹ́ ẹsẹ̀ á máa ta gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe yẹn, kì í ṣe àìsàn.

BÓ BÁ Ń GBỌ̀N TÓ SÌ Ń TÀGÉÈRÈ NÍ ERÉ JẸ́JẸ́, Ẹ DÚRÓ!

Èyí ló yẹ kó bani lẹ́rù. Ọkọ̀ tó ń sáré 20 tàbí 30, tí sítíárìn ẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó mu ẹmu yó, tí iwájú ẹ̀ sì ń gbé sókè sódò, kì í ṣe bálánsì ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ rímù ló ti tẹ̀ nígbà tó já sí kòtò. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì ló ti tú. Èyí tó léwu jù ni pé kí táyà ti máa là nínú.

Táyà kì í ṣe rọ́bà lásán. Wáyà irin tí wọ́n hun bíi bẹ́líìtì wà nínú ẹ̀, òun ló di ara táyà mú. Bí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára bẹ́líìtì yẹn, ojú táyà á wú níbì kan, ọkọ̀ á sì máa tàgéèrè bí ibi tó wú náà bá ti kanlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú, tí ẹrù pọ̀, tí eré sì pọ̀, gbogbo ojú táyà lè bó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà nìyí. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone kéde pé kí àwọn ènìyàn dá táyà bíi mílíọ̀nù 6 àbọ̀ padà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ jíípù Ford Explorer. Ojú táyà ń bó lórí eré, ọkọ̀ ń gbókìtì, ó lé ní igba ènìyàn tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin lé e lórí, òfin ọ̀hún ló sì fà á tí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án 2007 fi gbọ́dọ̀ ní iná tó ń kìlọ̀ bí afẹ́fẹ́ táyà bá lọ sílẹ̀. Iná kékeré yẹn, tó dà bíi pátákò ẹṣin tí àmì ìyanu wà láàárín ẹ̀, wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn n'Ìjẹ̀bú lónìí. Àwọn kan máa ń fi téèpù dúdú bò ó kó má bàa máa bọ́ sí wọn lójú! Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ra iná yẹn.

Ní tiwa, ìṣòro táyà le sí i nígbà tí àwọn tó ń ṣe é nílé lọ. Michelin ti ilé iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró n'Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti òkè òkun wọlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, tuntun àti tòkunbọ̀. Òfin ò fàyè gba kíkó àlòkù táyà wọ Nàìjíríà, àmọ́ gbogbo ayé ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Èyí tó tún wá burú ni táyà tí wọ́n ki bọnú ara wọn, méjì, mẹ́ta, nínú kọ̀ǹténà, kí owó ọkọ̀ ojú omi lè dín kù. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti gbá irú ẹ̀ mú nígbà púpọ̀. Bí wọ́n bá ti rọ́ táyà bẹ́ẹ̀, wáyà inú ẹ̀ ti lè ṣẹ́ láìhàn sójú, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí 2319, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó wọlé, ẹ má jẹ́ kó kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yípo, tinú tòde, nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìdúró. Ibi tó bá wú, tàbí tó là, tàbí tí wáyà ti yọjú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká fi dé Ìjẹ̀bú-Òde ná."

Ó tún ku èyí tí wọ́n ń pè ní "pílèè", ìyẹn ni pé kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa mì nígbà tí kò yẹ kó mì. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, kí ẹ sì fi nǹkan tó le gbé e dúró. Ẹ di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, tairọ́ọ̀dù tàbí rákì lẹ máa fura sí. Ẹ wá dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ tún mì í. Bó bá mì níbẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ínìtì tàbí bíárìn ni. Bíárìn tó ti ń kú sábà máa ń pariwo wùù bí eré bá ti ń pọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti rí pílèè yìí lójú ara yín ni kí ẹ tó ra tairọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ra tairọ́ọ̀dù kó tó rí i, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

TI AGBÉGILÓDÒ YÀTỌ̀

N'Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú àwọn onípákó àti onígẹdú, a ò lè sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ká má dárúkọ agbégilódò. Àwọn ọkọ̀ ńlá yìí ò ní ẹsẹ̀ iwájú bíi ti ọkọ̀ kékeré. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀, kínǹpíìnì sì ni ẹsẹ̀ fi ń yí. Bí kínǹpíìnì bá ti jẹ, ẹsẹ̀ kan já sí kòtò, ó gbé gbígbọ̀n náà fún èkejì, èkejì dá a padà, ni sítíárìn á bá fẹ́ já gbà lọ́wọ́ dẹrẹ́bà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré náà ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́. Lẹ́yìn 1920, nígbà tí táyà oníkùn ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló ń gbọ̀n níwájú débi pé wọ́n fi orúkọ ijó kan tó lòde nígbà náà pè é, ìyẹn "shimmy". Ohun tó dín in kù ni pé wọ́n yà ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má bàa máa gbé wàhálà fún èkejì. General Motors gbé irú ẹ̀ jáde sínú àwọn ọkọ̀ wọn ní 1934. Onílọ́rì tó bá ń fi gíríísì sí kínǹpíìnì ẹ̀ déédéé, tí kì í di ẹrù jù, ló lè sinmi.

BÓ BÁ JẸ́ ÌGBÀ TÍ Ẹ BÁ Ń TẸNÁ NI

Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n bí ẹ bá ń tẹná, tó sì dákẹ́ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọ̀pá ṣáàfù tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú ni kí wọ́n wò, pàápàá jọ́ínìtì ẹ̀ tó wà lápá jíà. Bí rọ́bà tó bò ó bá ti ya, gíríísì á ti dà nù, iyanrìn á sì ti wọlé. Èyí tó ń gbọ̀n lórí ìdúró, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tí ọkọ̀ ò rìn, kò kan ẹsẹ̀ rárá. Ìjókòó ẹ́ńjìnì tàbí púlọ́ọ̀gì ló máa ń fà á.

BÍ ẸNI TÍ KÒ LÓWÓ ṢE LÈ ṢE É

Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi owó páàtì ṣòfò. Nítorí náà, láti orí èyí tí kì í náni ní nǹkan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ ẹrẹ̀ inú rímù. Ẹ fún nọ́ọ̀tì gbogbo. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà tutù, ìwọ̀n tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹrẹ́bà. Ẹ fọwọ́ ra táyà yípo.

Bí kò bá tíì hàn, tí ẹ kò sì rí ibi tó wú tàbí tó là, ẹ gbé táyà iwájú méjèèjì sẹ́yìn, kí ẹ sì gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí gbígbọ̀n bá kúrò lọ́wọ́ yín tó wá di ti ìdí, táyà tàbí rímù ni, ẹ ò nílò tairọ́ọ̀dù kankan. Bí gbígbọ̀n ò bá kúrò níbi tó wà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Owó iṣẹ́ fọ́kánáísà nìkan ni ìyẹn gbà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni bálánsì, ẹ̀yìn bálánsì ni jáàkì àti yíyẹ pílèè wò, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni páàtì. Bí mẹkáníìkì bá sì ní páàtì kan ti lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mì í kí n rí i." Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìyẹn.

Èyí tó kù ni ti ẹni tó wà lórí eré tí gbígbọ̀n náà bá a lójijì. Kó má tẹ bíréèkì gán-an, nítorí pé bó bá jẹ́ táyà ló ń bó, bíréèkì òjijì ló máa ń gbé ọkọ̀ ṣubú. Kó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú ṣinṣin, kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ rọlẹ̀, kó tan iná ìkìlọ̀, kó sì yà kúrò lójú títì pátápátá. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí táyà tó wú tàbí nọ́ọ̀tì tó ti bọ́, kó fi sípíà dí i níbẹ̀, tàbí kó pe mẹkáníìkì wá bá a. Èrò tó bá ń bínú pé òun ń pẹ́, ẹ jẹ́ kó wọ ọkọ̀ mìíràn.